Ẹni Tí Kò Lè Kúnlẹ̀ Láàárọ̀

Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀: "Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ ẹ̀ láàárọ̀, òun náà lẹ rí lọ́jà Ìgbọ̀nà lọ́sàn-án yẹn." Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣàjèjì ní agbo ilé ní Òṣogbo, ì báà jẹ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ì báà jẹ́ Òkè Baálẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́. Ó rí obìnrin náà láàárọ̀ tí kò kúnlẹ̀, ó sì rí i lọ́sàn-án tó ń rìn. Òótọ́ ni ohun méjèèjì. Ibi tó parí èrò rẹ̀ sí, pé ìgbéraga ni, ni kò tọ̀nà, ibẹ̀ náà ni aláìsàn ti ń di aláìníwà lójú ilé.

Irú làkúrègbé tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ti mọ̀ ọ́n, bí kò bá jẹ́ lára yín, á jẹ́ lára ẹbí: ìdí ìka ọwọ́ méjèèjì tó wú, ọrùn ọwọ́ tó gbóná, àárẹ̀ tí oorun kì í mú lọ. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Wákàtí kan péré nínú ọjọ́ aláìsàn náà ni mo fẹ́ ká jókòó tì, torí mo gbà pé inú wákàtí yẹn ni púpọ̀ nínú ìyà tó ń jẹ wọ́n ti ń wá, a sì lè bù kúrò nínú ìyà náà láìná owó púpọ̀.

Láti Àsùbáà títí di agogo mẹ́wàá

Òru ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àìsàn yìí, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà ti ṣìnà, ó ti kọjú sí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo inú oríkèé. Awọ náà á wú, á gbóná, omi á sì máa sun sínú oríkèé. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa wíwú yìí, tí IL-6 jẹ́ pàtàkì nínú wọn, máa ń pọ̀ sí i bí òru bá ti ń jinlẹ̀, ìdájí sì ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Cortisol, tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti fi mú wíwú rọlẹ̀, máa ń kéré gan-an ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́. Ìgbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ ló ń gòkè. Ẹ tún wò ó pé ẹni tó sùn kò ká ọwọ́ kò na ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi tó sun sínú oríkèé sì jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá fi máa pe ìrun Àsùbáà, ìka kò ká mọ́, ọrùn ọwọ́ kò tẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ kò fẹ́ kan sìmẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Bí àìsàn náà bá ru, ó lè di wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ẹ rí lọ́jà ní agogo méjì ọ̀sán, ara tó gbé lọ síbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fi jí.

Ẹ wá wo ohun tí ilé wa ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn, pàápàá obìnrin, ní wákàtí yẹn gan-an. Kó kúnlẹ̀ kí àgbà. Kó bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó pọn omi. Kó ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi tútù, kó sì fi orí kanlẹ̀. Kó wẹ ọmọ, kó bá wọn de bọ́tìnnì aṣọ ilé ìwé. Kó pọn èyí tó kéré jù, kó so òjá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe oríkèé la fi ń ṣe é.

Ìkúnlẹ̀ nìkan tó láti yẹ̀ wò. Ó máa ń ká orúnkún dé òpin. Ó máa ń tẹ ìka ẹsẹ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ìdí ìka ẹsẹ̀ wà lára ibi tí àìsàn yìí ti máa ń tètè bẹ̀rẹ̀. Láti dìde, ẹni náà á fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ tó wú á tẹ̀ sẹ́yìn, ìwúwo ara á sì bọ́ sórí rẹ̀. Bákan náà ni ìdọ̀bálẹ̀ rí fún ọkùnrin: ọrùn ọwọ́ ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀, òun náà ló ń gbé e dìde. Àárọ̀ la fi ń mọ ọmọ tó níwà nílé wa, àárọ̀ náà ni àìsàn yìí yàn. Bí a kò bá mọ èyí, kò sí bí a kò ṣe ní ṣi aláìsàn náà dá lẹ́jọ́.

Làkúrègbé ìyá ọkọ, làkúrègbé ìyàwó

Ẹni tó máa ń yára dájọ́ jù ni àgbàlagbà tí orúnkún tirẹ̀ náà ń dùn. "Èmi náà ní làkúrègbé, ṣé mi ò gbálẹ̀ ni?" Inú òótọ́ ló ti sọ ọ́. A máa ń sọ pé ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ohun tí ìyá yìí kò mọ̀ ni pé bàtà tí òun wọ̀ kọ́ ni ìyàwó wọ̀.

Tìyá, jíjẹ ni eegun rírọ̀ tó bo orí oríkèé ń jẹ lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ó bá jí, orúnkún á gan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í sábà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á rìn dé ẹ̀yìnkùlé, á sì dẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ púpọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ìrora á dé, ìsinmi ló sì ń wò ó sàn. Tìyàwó, ìsinmi gan-an ló ń mú un gan. Ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì máa ń wú pọ̀, ní ìdí ìka àti ní oríkèé àárín ìka, oríkèé tó sún mọ́ èékánná kì í sì í sábà sí nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá di ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú láti ẹ̀gbẹ́ tó rọra fún wọn pọ̀ ní ìdí, aláìsàn náà á ké. Obìnrin tó ń ní in tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta àwọn ọkùnrin, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ọmọ títọ́, kì í ṣe nígbà ogbó nìkan.

Nítorí náà, bí ọwọ́ méjèèjì bá ń wú, tí gígan àárọ̀ sì ń tó wákàtí kan, tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹni náà má dúró nílé mọ́. Kó lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà àgbà fún àìsàn inú ara, bí irú ti yunifásítì UNIOSUN ní Òṣogbo níhìn-ín. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún rheumatoid factor àti anti-CCP, tí í ṣe àmì àìsàn yìí nínú ẹ̀jẹ̀, àti fún ESR àti CRP, tó ń fi bí wíwú inú ara ti pọ̀ tó hàn, wọ́n sì lè ya fọ́tò eegun ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kí ẹ má jẹ́ kí ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo tàn yín. Rheumatoid factor lè wà lára ẹni tí kò ní àìsàn yìí, ó sì lè má sí lára ẹni tó ní in. Ohun tí dókítà fi ọwọ́ kàn àti ìtàn àárọ̀ yẹn ló ń parí ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n á tún béèrè jínótáìpù rẹ̀, torí pé nílẹ̀ wa, sickle cell ni ọkàn kọ́kọ́ ń lọ sí bí oríkèé ọ̀dọ́ bá ń dùn, ó sì yẹ kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ gan-an. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Oríkèé tí wíwú náà bá ti jẹ eegun rẹ̀, oògùn lè dá a dúró níbi tó dé, kò lè dá eegun náà padà.

Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ

Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àìsàn yìí ni ara máa ń fúyẹ́ fún nígbà tí wọ́n bá lóyún. Lẹ́yìn ìbímọ, láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, àìsàn náà á ru padà. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ọmọ wà lọ́wọ́, oorun kò tó, àlejò ń wọlé láti kí ìyá ọmọ, ìyá ìkókó kò sì lè di abọ́ mú.

Kí ni ilé ń sọ? Pé òtútù ló wọ inú eegun rẹ̀ torí pé kò fi omi gbígbóná wẹ̀ tó lẹ́yìn ìbímọ. Tàbí pé ó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Ọ̀rọ̀ òtútù yẹn máa ń sọ ẹ̀bi di tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kejì máa ń sọ ẹ̀bi di ti aládùúgbò, oṣù tó yẹ kí wọ́n fi wá ìtọ́jú á sì kọjá lọ sí ìjà. Omi tútù kì í fa àìsàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tútù lè mú kí gígan náà le sí i fún àkókò díẹ̀. Àpọ̀jù ẹran tàbí ẹ̀wà kọ́ ló fà á pẹ̀lú.

Àwọn oògùn kan ṣeé lò bí ìyá bá ń fún ọmọ lọ́mú: hydroxychloroquine àti sulfasalazine wà lára èyí tí àwọn dókítà sábà máa ń yàn, bí ọmọ náà bá dá ṣáṣá. Methotrexate, oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àìsàn yìí, kò sí nínú wọn. Kí ẹni tó ń gbé ọmọ fi ìgbọ̀nwọ́ àti apá gbé e, kó má fi ìka fà á lábẹ́ apá. Òjá tó gùn, tó fẹ̀, tí wọ́n rán ìwọ̀ tàbí ohun àlẹ̀mọ́ mọ́ ẹnu rẹ̀, sàn ju èyí tí a ní láti fi agbára ìka so. Lórí ibùsùn ni kó ti pọn ọmọ náà, pẹ̀lú ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀, bí àárọ̀ bá ṣì tutù.

Bí a ṣe ń to àárọ̀

Alẹ́ ni àárọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbé omi gbígbóná sínú fúláàsì, kí wọ́n gbé abọ́ àti aṣọ ìnura sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí bàtà rọ́bà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn wà níbi tí ẹsẹ̀ á ti kàn án. Kí ibùsùn ga tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún kò ní ga ju ìbàdí lọ nígbà tí ènìyàn bá jókòó sí etí rẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì orí ilẹ̀ kò dára fún ẹni yìí rárá. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin àti pákó lè gbé e sókè bí owó ibùsùn kò bá sí.

Bí ó bá jí, kó má tíì dìde. Abẹ́ aṣọ ìbora níbi tó móoru ni kó ti bẹ̀rẹ̀: kó rọra ká ìka ọwọ́ kó tún na wọ́n, bí ìgbà mẹ́wàá, kó yí ọrùn ọwọ́ ká, kó na ìka ẹsẹ̀ sókè sódò, kó ká orúnkún lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó má fi agbára ti ohun tó bá kọ̀. Lẹ́yìn èyí, kó jókòó, kó da omi sínú abọ́, kó lú u pẹ̀lú omi tútù, kó sì fi ìgbọ̀nwọ́ dán an wò, torí pé ọwọ́ tó gan kì í mọ bí omi ti gbóná tó. Kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó máa ká wọn nínú rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni ohun tí mò ń sọ yìí ń ṣe pàtàkì jù. Bí oríkèé kan bá pọ́n, tó gbóná, tó wú ju ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe omi gbígbóná ló ń fẹ́. Yìnyín tí a fi aṣọ wé, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ló máa mú un rọlẹ̀.

Omi pípọn yẹ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 tó kún, ìwọ̀n kílò 20 ni, orí ìka mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ sì ń rọ̀ sí. Kó lo ti lítà 5, kó gbá a mọ́ àyà. Ìgbálẹ̀ wa tó kúrú máa ń jẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ kó sì fi ìka fún un pọ̀; kí wọ́n so ó mọ́ igi gígùn, kí wọ́n fi fóòmù tàbí ọ̀já rọ́bà inú táyà wé ibi tí ọwọ́ á ti dì í mú. Rọ́bà inú táyà yìí wúlò ju bí a ti rò lọ: a lè wé e mọ́ ọ̀bẹ, ṣíbí, kọ́kọ́rọ́ àti ọmọ orógùn, torí pé ọwọ́ tó wú lè di ohun tó nípọn mú ju ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀là rẹ̀ kan sì dára láti fi ṣí ìdérí ìgò, tí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ yí i dípò ìka.

Àpótí ìdáná tó kúrú, ẹ gbé e kúrò. Àga tó ga ni kó fi dáná, kí ìkòkò wà lórí tábìlì tó dúró dáadáa. Àmàlà ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó má dá rò ó. Ti abọ́ méjì ṣeé rò bí ẹlòmíràn bá di ìkòkò mú. Iyán gígún ní tirẹ̀, kó fi sílẹ̀ pátápátá. Aṣọ tó fọ̀, kó má lọ́ ọ fún. Kó fi kọ́ okùn kó máa ro, tàbí kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara abọ́ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ran an lọ́wọ́ má gba gbogbo iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oríkèé tí kò bá ṣiṣẹ́ rárá, iṣan tó yí i ká á rù. Yíyí aago iṣẹ́ padà ló dára jù: ilẹ̀ tó fẹ́ gbá ní agogo mẹ́fà, kó di agogo mọ́kànlá.

Oògùn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀

Methotrexate ni oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń lò ó fún àìsàn yìí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè tẹnu mọ́ ọn tó. Àwa tí a ti mọ́ lára láti lo oògùn ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, ó rọrùn fún wa láti ṣì í lò lójoojúmọ́, àṣìṣe yẹn sì ti pa ènìyàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ jẹ́ mílígíráàmù 2.5, ti 10 náà sì wà, wọ́n sì jọra. Ẹni tí dókítà kọ mílígíráàmù 10 fún máa gbé mẹ́rin nínú ti 2.5 mì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n yan ọjọ́ náà, kí wọ́n fi bíró yí i ká lórí kàlẹ́ńdà: alẹ́ Jímọ̀ fún ẹlòmíràn, alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló dára, kí èébì tó máa ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè bá wọn lójú oorun. Folic acid mílígíráàmù 5 máa ń tẹ̀ lé e lọ́jọ́ mìíràn. Nínú Ramadan, lẹ́yìn ìṣínu ni kó bọ́ sí, kí ẹni náà sì mu omi dáadáa títí di sààrì.

Kì í ṣiṣẹ́ kíá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, iye ẹ̀jẹ̀ àti hepatitis B wò. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra. Tí ara bá ti gbà á, ó lè di oṣù méjì sí mẹ́ta. Egbò ẹnu, ibà, ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lẹ́nu tàbí nímú, ara tó ń lé dúdú láìṣubú: kí ẹni náà dá oògùn náà dúró, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó ń lò ó kò gbọdọ̀ lóyún. Bí ó bá fẹ́ ọmọ, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà, torí pé ó gbọ́dọ̀ ti dá a dúró fún oṣù mélòó kan kó tó lóyún.

Ibi tí ìjàǹbá ti ń wọlé jù níhìn-ín ni ilé ìtajà oògùn. Septrin tí a máa ń rà fún ikọ́ àti inú rírun kò gbọdọ̀ pàdé methotrexate. Àwọn méjèèjì lè jọ mú kí mùdùnmúdùn inú eegun dẹ́kun láti máa ṣe ẹ̀jẹ̀. Oògùn ibà tó ní sulfadoxine àti pyrimethamine wà nínú ewu kan náà. Ọtí, àti àgbo tí a fi ọtí rẹ, máa ń fi kún ìnira ẹ̀dọ̀. Nítorí náà, kó kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan nínú pọ́ọ̀sì: "Mò ń lo methotrexate lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Kó fi han ẹni tó ń ta oògùn kó tó béèrè ohunkóhun.

Diclofenac àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń mú ìrora fúyẹ́, wọn kì í dáàbò bo eegun. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹyọ irú kan ṣoṣo nínú wọn, kì í ṣe diclofenac pọ̀ mọ́ ibuprofen pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun ẹ̀fọ́rí tó ní aspirin nínú. Ọgbẹ́ inú àti kíndìnrín ni wọ́n máa fi gbẹ̀san, pàápàá lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ kan

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí àìsàn yìí ti dè mọ́lẹ̀ ní cortisone, oògùn tó jọ cortisol tí ara ń ṣe. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ń rìn. Gbogbo ayé yọ̀, Hench pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ohun tí ìwọ̀n púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń ṣe: ojú tó wú rìbìtì, eegun tó fúyẹ́, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn náà sì tún padà bí wọ́n bá dá a dúró.

Ìtàn yẹn kò tíì tán lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti rí irú oògùn yìí, dexamethasone tàbí prednisolone, nínú ìyẹ̀fun àti kápúsù tí wọ́n ń pè ní egbòogi ìbílẹ̀ lásán. Bí oògùn làkúrègbé kan bá mú ìrora gbogbo oríkèé lọ lóru ọjọ́ kan, tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wù ẹni náà jẹ ṣáá, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, tí ìrora sì padà pẹ̀lú ìbínú ní ọjọ́ tí ìyẹ̀fun tán, ẹ fura. Kó má sì já a dúró lójijì bó bá ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, torí pé ara lè ti gbàgbé ṣíṣe cortisol tirẹ̀. Ẹni náà lè dákú. Kó gbé ike oògùn náà lọ bá dókítà, kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀. Dókítà pàápàá máa ń kọ prednisolone fún aláìsàn, ìwọ̀n kékeré ni, láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, títí methotrexate á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òrí tàbí àdín àgbọn tí a fi rọra pa oríkèé kò ní ewu. Kí wọ́n fa ìka tó wú kó "bọ́ sípò" ló ní ewu.

Ọwọ́ aláró

Òṣogbo, ìlú aró, mọ iyì ọwọ́. Nínú ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú gan-an, ìkòkò aró ni igi tó wó sínú odò fọ́. Iṣẹ́ àdìrẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lo gbogbo ohun tí àìsàn yìí kórìíra: ìka tó ń fún ìko pinpin, omi tútù, aṣọ tútù tó wúwo, àti lílọ́ aṣọ fún.

Ó ṣeé ṣe kí aláró máa ṣiṣẹ́ lọ. Kó sún iṣẹ́ omi sí ọ̀sán. Kó jẹ́ kí kàmpálà máa ro lórí ọ̀pá dípò kó lọ́ ọ. Ọwọ́ méjì ọ̀dọ́ ló yẹ kó gbé e jáde nínú abọ́. Dídì pẹ̀lú ìko ló ń ba ìka jẹ́ jù, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tí a fi ẹ̀rọ rán sì lè gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Fún ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya èkọ sára aṣọ, kó fi fóòmù wé ìdí ìyẹ́ náà títí yóò fi nípọn bí àtàǹpàkò, kó fi èjìká darí rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀ yẹ kó tóbi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, torí pé bí ọwọ́ bá wú nínú rẹ̀, àtibọ́ ọ á di ìjà. Kó máa yí iṣẹ́ padà lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ tó bá mú ìrora wà títí di ọ̀la, ìlàjì rẹ̀ ni kó ṣe lọ́la.

Ohun tí àgbà lè sọ

Mi ò gbà pé kí a pa ìkúnlẹ̀ rẹ́ nílé ẹni tó ń ṣàìsàn. Àṣà wa fún àgbà lágbára láti gba ìkíni kó tó délẹ̀. "Dìde, ọmọ mi, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi." Ẹni tí wọ́n bá sọ èyí fún ní gbangba, lójú àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ, kò sí ẹni tó máa tún pè é ní agbéraga. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àgbà ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ nípa wákàtí àárọ̀ yìí, ṣáájú ọkọ pàápàá. Kí aláìsàn tẹ orí ba, kó fi ọwọ́ gbá àyà, kó kí wọn pẹ̀lú oríkì wọn bí ó bá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n, tí ara bá dẹ̀, tí ó bá wù ú, kó kúnlẹ̀.

Ẹ̀sìn pàápàá kò fi ìnira dè é. Ẹni tí kò lè dúró tàbí fi orí kanlẹ̀, Ìsìláàmù fún un láàyè láti jókòó kírun, kó tẹ orí ba dípò rẹ̀. Ó lè lo omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún àlùwàlá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí àdúrà tí àga ń dí lọ́wọ́.

Dókítà náà, ọ̀sán ló ń rí

Ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹni tó bá fẹ́ tètè rí dókítà á ti wà níbẹ̀ ní ìdájí láti gba káàdì. Aláìsàn yìí á fi wákàtí tó burú jù lórí bẹ́ǹṣì, nígbà tí wọ́n bá sì pè é wọlé ní agogo méjìlá, ọwọ́ ti ń ká. "Báwo ni ara?" "A dúpẹ́." Dókítà á kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ń sàn, kò sì ní fi kún ìwọ̀n oògùn.

Kí ẹlòmíràn bá a lọ gba káàdì. Kí òun fúnra rẹ̀ ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà: aago tó jí, aago tí ìka fi kan àtẹ́lẹwọ́, oríkèé tó wú, ọjọ́ tó lo methotrexate, iye diclofenac tó lò, ohun tí kò lè ṣe lọ́jọ́ yẹn. Kí ọmọ ilé fi fóònù ya ọwọ́ rẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀, torí pé fọ́tò yẹn ni dókítà kò ní rí lọ́nà mìíràn. Kó kó gbogbo oògùn inú ilé sínú ọ̀rá kan lọ, àti àgbo, àti ìyẹ̀fun, láìfi ọ̀kankan pamọ́. Kó gba ẹ̀dà gbogbo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó tò wọ́n ní ọjọ́ ọjọ́ sínú fáìlì tirẹ̀ nílé. Bí ìyá ọkọ bá gbà, kó bá a wọlé lẹ́ẹ̀kan, kó gbọ́ iye wákàtí yẹn lẹ́nu dókítà.